Kọ́ Bí A Ṣe Ń Jókòó: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Ọdẹ Tòlótòló Lórí Ilẹ̀ Ìjọba

Bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Georgia àti agbègbè rẹ̀ máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, irú ìpè wo ni kí n rà?" Ohun èlò tí a fi ń ké bí abo tòlótòló ni ìpè. Wọ́n ti wo fídíò tí ọkùnrin kan ti fi igi kékeré ha síléètì lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, tí akọ tòlótòló sì sáré wá bá a. Orí oko aládàáni ni wọ́n ti ń ya ọ̀pọ̀ irú fídíò bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í yọ ẹyẹ lẹ́nu. Tòlótòló orí ilẹ̀ ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ ìpè, ó ti gbọ́ ìró ìbọn, ó sì ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣubú. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pé kó fi owó rẹ̀ sápò ná, kó kọ́ bí a ṣe ń jókòó.

Ilẹ̀ ìjọba ni igbó tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ìwé àṣẹ lè wọ̀ láìbẹ onílẹ̀ kankan. Igbó Chattahoochee-Oconee tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Georgia ju 800,000 éékà lọ, àwọn igbó ọdẹ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bójú tó sì tún wà káàkiri. Àǹfààní ńlá ni, kò sì ṣàdédé wá. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, tòlótòló igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Amẹ́ríkà nítorí pípa àpajù àti igbó tí wọ́n gé. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń mú díẹ̀ láàyè níbi tí wọ́n ṣẹ́kù sí, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti tán, títí wọ́n fi tún bí sí i. Láti 1937 ni òfin Pittman-Robertson ti ń yọ owó orí lára ìbọn àti ọta tí a ń rà, tí wọ́n ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi tọ́jú ẹran igbó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, iye tòlótòló tún ti ń dín kù ní apá gúúsù. Ní 2022, Georgia dín iye tí ẹnì kan lè pa lọ́dún kù láti mẹ́ta sí méjì, ó sì ní kí ọdẹ lórí ilẹ̀ ìjọba máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ti oko aládàáni. Akọ nìkan ni òfin yọ̀ǹda. Ẹni tó bá pa abo ní ìgbà ìrúwé ti pa ẹyin bíi mẹ́wàá sí méjìlá mọ́ ọn.

Kí ẹ tó ronú ìbọn, ẹ ronú ìwé. Ní Georgia, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1961 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó lè ra ìwé àṣẹ. Ẹ̀kọ́ náà dára, ẹ má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wò ó. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ fún àwa tí a kò bí síbí ni ọ̀rọ̀ fisà. Ẹni tó ti ní gíríìn káàdì kò ní ìṣòro níbí yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá pẹ̀lú fisà ọmọ ilé-ìwé, ti iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi tó bá bọ́ sí abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àyè tí òfin náà ṣí sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ọdẹ tó bófin mu, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, wà lára àwọn àyè náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé "ní lọ́wọ́" ni òfin sọ, kò sọ pé "rà." Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ bá òun di ìbọn òun mú kí òun fo odò, ó ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹni tí kò sì ní ìwé ìgbélùú rárá, kò sí àyè fún un. Owó tí ẹ máa san fún agbẹjọ́rò láti bi í léèrè kéré púpọ̀ sí ohun tí ẹ lè pàdánù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti tẹ̀lé bàbá wọn wọ igbó rí, ní Òkè-Ògùn tàbí ní Ìbàràpá. Ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀ yóò wúlò: títọ ipasẹ̀, sùúrù, kí a má ṣẹ́ igi gbígbẹ lẹ́sẹ̀. Àwọn kan sì wà tí ẹ ní láti fi sílẹ̀. Ọdẹ òru pẹ̀lú iná lórí kò sí fún tòlótòló. Èèyàn kì í yìnbọn látinú ọkọ̀ tàbí látojú títì. Èèyàn kì í da àgbàdo sílẹ̀ kó wá lúgọ tì í. Ìjìyà ńlá wà fún un, wọ́n sì lè gba ìwé àṣẹ yín. Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ọdẹ ilé lẹ́nu: ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà lórí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Etu àti àgbọ̀nrín á gbóòórùn yín, tòlótòló kì í sábà gbóòórùn nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ni ẹ óò bẹ̀rù. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú náà wà, nítorí náà ó ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀gbẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹ̀yìn. Ó mọ àwọ̀ yàtọ̀ síra dáadáa. Bí ẹ bá ká ìka kan kúrò lórí orúnkún, ó ti rí i. Ìdí nìyí tí a fi ń bo ojú, tí a ń wọ ìbọ̀wọ́, tí a sì ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú ọjọ́ ọdẹ. Ẹ ṣí máàpù lórí fóònù, ẹ wá ibi tó jìnnà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí òkè tàbí odò kékeré dí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rìn jìnnà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín, láìgbé ìbọn, láìpe ẹyẹ kankan. Ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ igi óòkù: bí ewé gbígbẹ bá hú kiri débi tí ilẹ̀ dúdú yọ, tòlótòló ló ń wá oúnjẹ níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó níyanrìn fún kòtò tí kò jìn, tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúnná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí ara nínú eruku. Ìgbẹ́ wọn pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ti akọ gùn, ó sì tẹ̀ kọdọrọ ní orí kan. Ti abo ká jọ sójú kan. Bí ẹ bá rí ìyẹ́ àyà nílẹ̀, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí etí rẹ̀ bá dúdú, tó ń kọ mànà, akọ ló bọ́ lára rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, abo ni. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ìró ìyẹ́ ńlá tó ń gbá afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fò wọ̀ sórí igi. Ibi tí wọ́n wọ̀ sí lálẹ́, ibẹ̀ ni wọn yóò ti ké láàárọ̀.

Ní ọjọ́ ọdẹ, ẹ dé ní nǹkan bíi wákàtí kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá bá ọkọ̀ ẹlòmíràn níbi tí ẹ fẹ́ gbà wọlé, ẹ lọ sí ibòmíràn. Ìlànà ọmọlúàbí ni, ààbò yín sì tún ni. Ẹ wá igi tó fẹ̀ ju èjìká yín lọ, bíi 150 yáàdì sí ibi tí ẹyẹ wọ̀ sí, kí ẹ sì fẹ̀yìn tì í. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn, kó kọ èjìká òsì sí ọ̀nà tó rò pé ẹyẹ yóò gbà yọ. Apá rẹ̀ yóò lè yí dé ibi púpọ̀. Ẹ ká orúnkún sókè, ẹ gbé ìbọn lé e báyìí, kí ẹ má tún wá máa gbé e nígbà tí ẹyẹ bá ti dé. Nígbà tí òwìwí bá ké, akọ tòlótòló á sábà dá a lóhùn láìrò ó. Ẹ ó mọ ibi tó wà.

Wàyí o, ìpè. Àpótí onígi tí a ń ha ọmọrí rẹ̀ mọ́ ọn ló rọrùn jù fún olùbẹ̀rẹ̀. Nínú ìṣẹ̀dá, abo ló ń lọ bá akọ. Akọ á dúró, á fẹ ìrù, á sì retí. Nígbà tí a bá ń pè é, a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe òdìkejì ìwà rẹ̀. Nítorí náà ẹ pè é jẹ́jẹ́, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó gbọ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ibi tí àwọn tuntun ti ń bàjẹ́ nìyí: ẹyẹ dáhùn, inú wọn dùn, wọ́n tún pè, wọ́n tún pè. Akọ tó ti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọdẹ márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò yóò dúró síbi tó wà tàbí kó yí padà. Bí ẹ bá dákẹ́, ó ti mọ igi tí ohùn náà ti wá, kò sì ní gbàgbé.

Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò sọ̀kalẹ̀ lórí igi láàárín àwọn abo, yóò sì bá wọn lọ. Ẹ má lé e. Ẹ jókòó. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán ni àwọn abo máa ń yọ́ kúrò lọ sí ìtẹ́ wọn, akọ á wá ku òun nìkan. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ti padà sílé lọ jẹun. Lójú tèmi, kò sí wákàtí tó dára tó yẹn lórí ilẹ̀ ìjọba, mo sì máa ń bínú bí mo bá rí ẹni tó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti jí ní aago mẹ́rin. Ẹyẹ tó bá wá nírú àkókò yẹn lè má ké rárá. Ìró kan wà tó ń ti àyà rẹ̀ jáde, ó jìn, ó rọ̀, ara ń mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ó ti sún mọ́ ìtòsí, ẹ má mi.

Orí àti ọrùn ni a ń yìnbọn sí. Ìyẹ́ àti egungun àyà rẹ̀ nípọn, ọta wẹ́wẹ́ kàn máa dá ọgbẹ́ sí i lára, á sá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í rí i. Ẹ má yìn ín bó bá ju 40 yáàdì lọ. Kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya orí tòlótòló sórí bébà ńlá, ẹ yìn ín láti 20 yáàdì, 30 àti 40, pẹ̀lú ìbọn àti ọta tí ẹ máa lò gan-an, kí ẹ mọ bí ọta yín ṣe ń tú ká. Ìbọn méjì tó jọra lè tú ọta kan náà ká lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tó kàn yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ há sórí. Lórí ilẹ̀ ìjọba, ẹlòmíràn wà nínú igbó náà tó wọ aṣọ ewé, tó sì ń ké bí abo tòlótòló. Pupa, funfun àti búlúù ni orí akọ tòlótòló. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí ìkankan nínú àwọ̀ mẹ́ta yìí lára yín: ìbọ̀sẹ̀ funfun tó yọ lábẹ́ ṣòkòtò, áńkáṣíìfù pupa, ike omi búlúù. Ẹ má ṣe yọ́ lọ bá ohùn tòlótòló tí ẹ gbọ́, ó lè jẹ́ èèyàn. Bí ẹ bá rí ọdẹ mìíràn tó ń bọ̀, ẹ má ju ọwọ́ sí i, ẹ má pè bí ẹyẹ. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ohùn èèyàn sọ̀rọ̀ sókè kedere. Àwọn kan máa ń fi ìrù gbígbẹ tòlótòló bo ojú, kí wọ́n máa rákò lọ bá ẹyẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fòfin dè é lórí ilẹ̀ ìjọba. Níbi tí wọn kò tiẹ̀ ti dè é, ẹ má dán an wò. Ẹ má sì fa ohun tí ń mú ìbọn yìn títí ẹ óò fi rí irùngbọ̀n tó so rọ̀ ní àyà ẹyẹ náà, pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀tá mìíràn kéré, ṣùgbọ́n ó burú: eégbọn. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, oríṣi kan wà tó ní àmì funfun kan lẹ́yìn. Bí ó bá bù yín jẹ, ó lè sọ ara yín di èyí tí kò gba ẹran màlúù, ti ewúrẹ́ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tí ikùn á máa run, ti ẹlòmíràn á sì burú débi ilé ìwòsàn. Ẹ fi oògùn permethrin sí aṣọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yẹ gbogbo ara wò bí ẹ bá délé.

Bí ẹyẹ bá ṣubú, ẹ sé ìbọn yín kí ẹ tó rìn lọ bá a. Ní Georgia, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò níbi tó ṣubú sí, ẹ ó sì fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni kí ẹ fi wé e kí ẹ tó gbé e léjìká, kí ẹnikẹ́ni má baà rí orí rẹ̀ tó ń mì láàárín ewé. Nílé, ẹ gé ẹran àyà ní pẹlẹbẹ, ẹ fi yajì pa á, kí ẹ sì yan án díẹ̀, nítorí kò lọ́ràá, ó sì ń yára gbẹ. Iṣan líle wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ sè é jẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó da ata sí i. Kí ẹ tó bu fún ọmọdé, ẹ fi ìka tẹ ẹran ọrùn àti òkè àyà wò, nítorí ọta a máa há síbẹ̀.