Bí ìjà bàbá àti ìyá ṣe ń wọ ọmọ lára

Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń jà lemọ́lemọ́ kì í dúró de ariwo kí àyà rẹ̀ tó já. Ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tàbí bí ìyá ṣe da ọmọrí ìkòkò dé e, ti tó fún un láti mọ bí alẹ́ ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Ojú rẹ̀ lè wà lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, àmọ́ etí rẹ̀ ti wà ní pálọ̀.

Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, ara yóò tú èròjà bíi kọ́tísọ́ọ̀lù, tó ń múra ara sílẹ̀ de ewu, sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, oorun á sì dá lójú. Ó yẹ kí èròjà náà lọ sílẹ̀ bí ewu bá kọjá, ṣùgbọ́n níbi tí ìjà kì í ti í tán, ara lè máa ṣọ́nà nìṣó láìsinmi. Ìkókó pàápàá ń gbọ́ ọ: nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013, ọpọlọ àwọn ọmọ oṣù 6 sí 12 tó ń sùn dáhùn sí ohùn ìbínú, ó sì hàn jù lára àwọn tí òbí wọn ń jà púpọ̀ nílé.

Ní 1994, Patrick Davies àti E. Mark Cummings, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣàlàyé pé ohun tí ọmọ ń wò nínú ìjà ni bóyá ilé tó fẹ̀yìn tì yóò dúró. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kan fi ń kó sáàárín àwọn òbí rẹ̀, tí òmíràn sì ń sá wọ yàrá. Ìdákẹ́jẹ́ kò sì bo ìjà mọ́lẹ̀. Bí ìyá bá ní kí ọmọ “lọ sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀,” tí bàbá náà sì jókòó sítòsí níbẹ̀, wọ́n ti sọ ọmọ di alárinà.

Bó bá dàgbà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa ka ìdákẹ́jẹ́ ọkọ tàbí aya tirẹ̀ sí ìjà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní San Diego ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1998, rírí kí wọ́n máa lu ìyá ẹni jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi ìṣòro ìgbà èwe 7 tí wọ́n kà. Bí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lára ẹnì kan ni àìsàn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ọtí àmujù ń wọ́pọ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀ ṣá.

Èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò kà sí ni pé ọmọ ń wo ìparí ìjà náà. Nínú àwọn àyẹ̀wò Cummings, ara ọmọ ń balẹ̀ bí wọ́n bá parí aáwọ̀, kódà nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá ni wọ́n ti parí rẹ̀, tí ọmọ kàn rí i pé ojú wọn ti yàtọ̀ nígbà tí wọ́n jáde.