Bí wọ́n ṣe ń fi ìgbéyàwó wọn iṣẹ́ nílẹ̀ Bìrìtéènì

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ to iṣẹ́ láti òkè wá sílẹ̀, owó oṣù lẹ máa kọ́kọ́ wò, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó kì í sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Plọ́ńbà lè wà ní London tówó tó ń wọlé fún un ju ti lẹ́kíṣọ́rà lọ, síbẹ̀ ibi tí kálukú wọn ti ń ṣe fàájì, àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu, ilé tí wọ́n ti fẹ́yàwó, kó máà sí ibi tó ti pàdé rárá. Ohun tí àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Cambridge rí nìyẹn, Stewart, Prandy àti Blackburn, tí wọ́n fi gbé ìwé jáde ní 1980. Wọ́n ní dípò ká máa bi èèyàn pé iṣẹ́ wo ló níyì jù, ẹ jẹ́ ká kàn wo ẹni tí oníṣẹ́ yìí ń bá ṣọ̀rẹ́ àtẹni tó ń fẹ́. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́, ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀. Òṣùwọ̀n tó tibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní CAMSIS lónìí, Paul Lambert àti Dave Griffiths ní Yunifásítì Stirling ní Scotland sì wà lára àwọn tó gbé e síwájú.

Owó orí ará ìlú ló ń gbé irú iṣẹ́ yìí ró. Tówó orí bá ti wọ àpò ìjọba, díẹ̀ nínú ẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń pín owó ìwádìí, tí wọ́n ń pè ní UKRI, láti ibẹ̀ lá ti dé ọwọ́ ESRC tó ń bójú tó ìwádìí lórí ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé àwùjọ. Ọdún 1965 ni wọ́n dá ESRC sílẹ̀, SSRC lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, 1983 ni wọ́n yí i padà. Olùwádìí tó bá ń wá owó á kọ ohun tó fẹ́ ṣe àtiye tó máa ná a, wọ́n á gbé e fún àwọn ọ̀mọ̀wé míì kí wọ́n sọ ibi tó dáa sí àti ibi tó kù sí, ìgbìmọ̀ á wá jókòó fi wé tàwọn tó kù, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń já bọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá yege, ESRC á san 80 nínú gbogbo 100 pọ́ọ̀nù tí iṣẹ́ náà máa ná wọn, yunifásítì ẹ̀ á wá èyí tó kù.

Inú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kà ti ń wá. Nígbà tí wọ́n ka àwọn èèyàn England àti Wales ní 21 March 2021, fọ́ọ̀mù yẹn ní kéèyàn kọ orúkọ iṣẹ́ ẹ̀ ní kíkún, kó tún ṣàlàyé ní ṣókí ohun tó ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni wọ́n á sọ di nọ́ńbà. Nínú ìwé nọ́ńbà iṣẹ́ tọdún 2010, nọ́ọ̀sì ni 2231, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera ni 6145, awakọ̀ takisí ni 8214. Àwọn nọ́ńbà yìí pọ̀, irú ẹ̀ tó wà nínú ìwé ti 2020 jẹ́ 412. Ẹni tó bá kọ "manager" lásán láìsọ ohun tó ń ṣe, kò rọrùn kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa fi sí, torí náà ó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ kọ ọ́ dáadáa. Àwọn olùwádìí kì í rí orúkọ ẹnikẹ́ni o. Ní ti ìkànìyàn 1991, bí àpẹẹrẹ, ilé kan nínú 100 ni wọ́n mú, wọ́n yọ ohun tó lè jẹ́ kéèyàn dá onílé mọ̀ kúrò kó tó dọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n tọkọtaya tó jọ ń gbé ṣì wà pa pọ̀, ohun tí wọ́n sì ń wá gan-an nìyẹn.

Wọ́n á wá ya tébù ńlá kan, iṣẹ́ ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ìyàwó lókè, wọ́n á ka tọkọtaya tó bọ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ká ní tọkọtaya 100,000 ló wà ńbẹ̀, 2,000 nínú àwọn ọkọ jẹ́ tísà, 3,000 nínú àwọn ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni gbogbo wọn dijú mú ara wọn, 3 nínú gbogbo 100 tísà ló máa bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ìyẹn 60. Tí wọ́n bá wá kà á tí wọ́n bá 120, ìlọ́po méjì nìyẹn, nǹkan kan ń fà wọ́n mọ́ra. Tó bá sì jẹ́ 10 péré ni wọ́n bá, a jẹ́ pé ohun kan ò jẹ́ kí wọ́n máa pàdé. Kọ̀ǹpútà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́, á to wọn sórí ìlà kan, àwọn iṣẹ́ tí irú èèyàn kan náà ń fẹ́ á sún mọ́ra, àwọn tí kì í fẹ́ra á jìnnà síra, wọ́n á fi 50 ṣe àárín. Ohun tó wú èèyàn lórí ni pé ẹnikẹ́ni ò sọ iye owó oṣù tàbí irú sáfíkéètì fún kọ̀ǹpútà yìí, síbẹ̀ tó bá parí, dókítà àti lọ́yà á wà nítòsí ara wọn lápá kan, lébìrà àtàwọn tó ń gbálẹ̀ á wà lápá kejì. Ẹni tí kálukú fẹ́ ló tò ó bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tó gba làákàyè. Àgbẹ̀ ń fẹ́ àgbẹ̀ gan-an, àwọn tó ń ṣe ilé ọtí náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ipò wọn dọ́gba, oko kan náà lọkọ àti ìyàwó jọ ń dá, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń ṣí láàárọ̀. Tí wọ́n bá fi irú wọn sílẹ̀ nínú tébù, wọ́n á ba ìlà náà jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Lambert àti Griffiths tiẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí ìlà, wọ́n tún ń ya ohun tó dà bí àwọ̀n, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kókó kan, tí okùn sì so iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń fẹ́ra jù bó ṣe yẹ lọ. Èèyàn lè wá rí iṣẹ́ méjì tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ fún tàbí tí wọ́n jọ ń ṣe lábẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n so kọ́ra bí owó wọn ò tiẹ̀ dọ́gba.

Àwọn tiwa tó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó jẹ́ akáǹtáǹtì l'Ékòó, tó dé Bìrìtéènì tó ń tọ́jú arúgbó kí oúnjẹ lè wà nílé, nọ́ńbà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ni wọ́n máa fún un, dígírì ẹ̀ àtàwọn tó mọ̀ nílé ò sí nínú nọ́ńbà yẹn. Ipò tí òṣùwọ̀n náà sì máa fún un, ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lápapọ̀ ni, kì í ṣe tiẹ̀. Nọ́ńbà iṣẹ́ ni, kì í ṣe nọ́ńbà èèyàn, ó sì dun èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń lò ó bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kí wọ́n tó lè ya àwọn tó ṣí wá sọ́tọ̀ kí wọ́n ka tiwọn dáadáa, tọkọtaya tó wà nínú tébù gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an, ìjọba nìkan ló sì lè ná irú owó tó ń kó èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jọ.

Tí iṣẹ́ bá parí, oṣù mẹ́ta ni ESRC fún olùwádìí kó fi fa dátà tó kó jọ lé wọn lọ́wọ́ káwọn míì lè lò ó. Ibi ìkówèésí dátà tó wà ní Yunifásítì Essex ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 1967, ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ. Àwọn olùwádìí ò sì dúró sórí ìkànìyàn nìkan. Wọ́n ti fi ìwé ìgbéyàwó àtijọ́ ṣe irú òṣùwọ̀n yìí fún ọdún 1800 sí 1938, HIS-CAM ni wọ́n ń pè é, Netherlands àti Sweden wà lára àwọn ìlú tí wọ́n kó ìwé ẹ̀ jọ. Bàbá àtọmọ, bàbá ìyàwó àtàna, wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn wéra. Ní England àti Wales, láti 1837 ni ìwé ìgbéyàwó ti ń béèrè iṣẹ́ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, tí kò sì sí àyè kankan fún ìyá. Ìgbà tó di 4 May 2021 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìyá àti iṣẹ́ ẹ̀ sí i.