Ìṣọ́ Ẹyẹ Omi Ṣáájú Àsìkò Ọdẹ: Ohun Tó Túmọ̀ Sí àti Bí Àwọn Ọdẹ Ṣe Ń Ṣe É

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọdẹ tó ń dẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó àti gúùsì kì í dúró de ọjọ́ tí ìjọba bá ṣí àsìkò ọdẹ kó tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ni yóò ti máa rìn káàkiri àbàtà, adágún àti oko tí wọ́n ti kórè, láìgbé ìbọn dání, tí yóò máa wo ibi tí àwọn ẹyẹ ń sùn, ibi tí wọ́n ti ń jẹun, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láàárín méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní scouting, òun náà ni a ó sì máa pè ní ìṣọ́ ẹyẹ nínú àlàyé yìí. Gúùsì ni ẹyẹ omi ọlọ́rùn gígùn tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ dáadáa. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ni gúùsì Kánádà, tí orí àti ọrùn rẹ̀ dúdú, tó sì ní àmì funfun kan tó gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kọjá.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí rò pé bí òun bá ti rí ẹyẹ púpọ̀ lójú omi, ìṣọ́ ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹyẹ tí ènìyàn rí lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la bí ènìyàn kò bá mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ohun tí ìṣọ́ ń wá gan-an ni ètò ọjọ́ ẹyẹ náà: aago tó ń gbéra, ibi tó ń lọ, ìdí tó fi yan ibẹ̀, àti ohun tó lè mú kó pa ibẹ̀ tì.

Ètò yìí kò ṣòro láti lóye. Mallard, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ igbó tí akọ rẹ̀ máa ń ní orí àwọ̀ ewé tó ń dán, àti gúùsì Kánádà máa ń sun orí omi ńlá tàbí inú àbàtà tí ọ̀tá kò ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìdájí, bí ojú ọ̀run bá ti ń là, wọ́n á gbéra lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí oko àlìkámà, ọkà báálì tàbí àgbàdo tí wọ́n ti kórè, láti ṣa ọkà tó jábọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìkórè. Bí wọ́n bá yó tán, wọ́n á wá omi kékeré kan nítòsí, kí wọ́n mumi, kí wọ́n tún ìyẹ́ wọn ṣe, kí wọ́n sì sinmi títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún padà sí oko, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó wá padà sí ibùsùn wọn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọdẹ tó bá mọ ibi mẹ́ta wọ̀nyí, ibùsùn, ibi ìjẹun àti ibi ìsinmi ọ̀sán, ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ kó mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ló ń gbé ìgbésí ayé báyìí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé orí omi tí kò jìn ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n á ti orí àti ọrùn bọ omi, tí ìdí wọn á sì máa nàró sókè. Mallard wà lára wọn. Àwọn mìíràn, bíi canvasback àti scaup, ń rì wọ inú omi pátápátá láti wá gbòǹgbò ewéko àti ìgbín kéékèèké nísàlẹ̀, àwọn yìí kì í sì í lọ sí oko ọkà. Ènìyàn lè dá ìsọ̀rí méjèèjì mọ̀ láti òkèèrè nípa bí wọ́n ṣe ń fò: àwọn ti àkọ́kọ́ máa ń ta kìjí kúrò lójú omi lọ sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń rì máa ń sáré lórí omi fún ìgbà díẹ̀ kí apá wọn tó lè gbé wọn. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ àwọn tó ń rì ni ọdẹ ń wá, kò sí ohun tí oko ọkà fẹ́ sọ fún un. Adágún ńlá ni kó máa ṣọ́, kó sì wo apá ibi tí wọ́n ti ń rì jù.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà ọdẹ kì í fi ọwọ́ kékeré mú, èmi náà sì gbà pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ènìyàn ń ṣọ́ ibùsùn ẹyẹ kó lè mọ ibi tí wọ́n ti ń jáde ni, kì í ṣe kó lè yìnbọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá yìnbọn sí ẹyẹ níbi tó ti ń jẹun, ó ṣì ní ibi tó lè sùn sí, ó sì lè wà ní agbègbè náà títí oúnjẹ yóò fi tán. Bí wọ́n bá lé e kúrò ní ibùsùn rẹ̀, kò ní ìdí mìíràn láti dúró mọ́, gbogbo agbo náà sì lè ṣí kúrò lóru ọjọ́ kan. Ìdí nìyí tí ọdẹ tó mọṣẹ́ fi máa ń jìnnà sí etí omi ibùsùn nígbà ìṣọ́, tí kò ní gbé ọkọ̀ ojú omi wọ inú rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí ajá rẹ̀ sún mọ́ ọn. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni yóò lò láti ojú títì.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìṣọ́ máa ń méso jáde jù. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Dakota Àríwá ní Amẹ́ríkà tàbí Saskatchewan ní Kánádà, níbi tí àwọn ọ̀nà oko ti gún régé tí wọ́n sì dábùú ara wọn, ọdẹ lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì kí oòrùn tó wọ̀, kó pa ẹ̀ńjìnnì, kó ṣí fèrèsé, kó sì máa tẹ́tí. Ohùn gúùsì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, kó tó wá rí ìlà ẹyẹ tó ń bọ̀ láti apá ibi tí omi wà. Yóò máa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ọ̀nà oko kan sí èkejì títí wọn yóò fi sọ apá wọn kalẹ̀. Kò tó kó mọ oko tí wọ́n bà sí. Ó gbọ́dọ̀ mọ igun oko náà gan-an, bóyá ibi tí ilẹ̀ ti wọnú ni tàbí orí òkè, bóyá ẹ̀gbẹ́ igi ni tàbí àárín gbangba, nítorí inú oko ńlá kan náà, àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí ibi tí ẹyẹ fẹ́ràn lè sọ ibùba ọdẹ di asán. Yóò tún ṣàkíyèsí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí pẹ́pẹ́yẹ àti gúùsì máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà láàárọ̀ ọjọ́ ọdẹ, ibùba náà gbọ́dọ̀ yí padà.

Bí àwọn ẹyẹ bá ti padà sí ibùsùn, tí olóko sì ti fún un láṣẹ, ọdẹ lè wọ inú oko lọ wo ilẹ̀. Ìgbẹ́ gúùsì tó ṣì tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ń sọ pé òní ni wọ́n wà níbẹ̀. Èyí tó ti gbẹ tó sì ti funfun ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ti kọjá. Ìyẹ́ kéékèèké tó há sára àkékù pòròpórò àti ipasẹ̀ ẹsẹ̀ tó ní awọ láàárín ọmọ ìka jẹ́ ẹ̀rí pẹ̀lú. Kó tún wo ọkà tó kù nílẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó má gbọ́kàn lé oko náà fún ọjọ́ pípẹ́.

Àkókò tí ènìyàn ń ṣọ́ ẹyẹ ń pinnu ohun tí ìṣọ́ náà lè kọ́ ọ. Láti ọdún 1955 ni ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú ka ẹyẹ omi ní ìgbà ìrúwé, pàápàá ní agbègbè tó kún fún àwọn adágún kéékèèké tí yìnyín ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ láti Alberta ní Kánádà dé Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ pẹ́pẹ́yẹ Àríwá Amẹ́ríkà ti ń yé. Ìròyìn yẹn ń sọ bí ẹyẹ ṣe pọ̀ tó lápapọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí wọn yóò wà lọ́jọ́ tí àsìkò bá ṣí. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń já ìyẹ́ apá wọn dànù lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní lè fò fún nǹkan bí oṣù kan, nítorí náà inú koríko àbàtà ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Ìṣọ́ ìgbà yẹn wúlò láti mọ omi tó ṣì wà àti èyí tí ọ̀dá ti gbẹ, láti mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ gbìn, àti láti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olóko sọ̀rọ̀. Ẹyẹ gan-an kò tíì fìdí kalẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní teal aláwọ̀ búlúù lápá máa ń tètè ṣí lọ sí gúúsù, débi pé adágún tó kún fún wọn ní ìparí oṣù Kẹjọ lè ṣófo kí oṣù Kẹwàá tó dé. Nínú èrò tèmi, ìṣọ́ ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ ọdẹ ju ti gbogbo oṣù tó ṣíwájú lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò tún ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn: akọ mallard ti bọ́ ẹ̀wù aláràbarà rẹ̀ sílẹ̀, kò tíì wọ tuntun, orí rẹ̀ kò ní àwọ̀ ewé, ó sì jọ abo. Ẹnu rẹ̀ ni ènìyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Ti akọ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ dà bí ewé, tí kò ní àbàwọ́n, ṣùgbọ́n ti abo pupa rúsúrúsú pẹ̀lú àwọn àbàwọ́n dúdú lórí rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lásán. Òfin Amẹ́ríkà fún ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní iye pẹ́pẹ́yẹ tó lè pa lójúmọ́, tí í máa ń jẹ́ 6 ní ọ̀pọ̀ ibi àti 7 ní ìwọ̀ oòrùn, abo mallard inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ. Ọdẹ tó ti fi awò kọ́ ojú rẹ̀ nígbà ìṣọ́ ni yóò lè mọ ohun tó ń fò bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìdájí, nítorí ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ ni òfin ti gbà kí ìbọn dún.

Òfin tó wà nídìí gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn ọdún 1916 láàárín Amẹ́ríkà àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣojú fún Kánádà, èyí tí Amẹ́ríkà sọ di òfin ní 1918 láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri. Ìṣọ́ fúnra rẹ̀ kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n apá kan òfin náà wà tí ìṣọ́ nìkan ló lè gba ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ dẹ ẹyẹ omi níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti da ọkà sílẹ̀ láti fi tàn wọ́n, wọ́n sì ṣì ka ilẹ̀ náà sí èyí tí kò tọ́ títí ọjọ́ 10 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó gbogbo ọkà náà kúrò. Ọdẹ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó fara balẹ̀ wò ó ì bá mọ̀. Nítorí náà, bí ó bá rí òkìtì ọkà tàbí ìlà ọkà tí kò jọ èyí tí ẹ̀rọ ìkórè fi sílẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ olóko, bí ìdáhùn kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó fi oko náà sílẹ̀. Òfin mìíràn, ti ọdún 1971, kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa fi ọkọ̀ òfuurufú da ẹranko tàbí ẹyẹ láàmú. Ẹni tó bá ń ronú láti fi dúróònù wá gúùsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ wíwọ ilẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ara ìṣọ́. Ẹni tó bá lọ kan ilẹ̀kùn àgbẹ̀ lọ́sàn-án, tó sọ orúkọ rẹ̀, tó ṣàlàyé iye ènìyàn tó ń bọ̀ àti ibi tí wọn yóò gbé ọkọ̀ sí, sàn ju ẹni tó dé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdẹ lọ. Fún ẹni tí kò rí oko gbà, àwọn ilẹ̀ àbàtà kan wà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi owó sítáǹbù pẹ́pẹ́yẹ rà, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọdẹ. Láti ọdún 1934 ni sítáǹbù yìí ti wà. Ọdẹ tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra á kó tó lè dẹ ẹyẹ omi, dọ́là 25 ni, òun kan náà sì ni ènìyàn lè fi wọlé láìsan owó mìíràn sí àwọn ibi ààbò ẹranko ìgbẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé. Àwọn ibi ààbò wọ̀nyí dára púpọ̀ fún kíkọ́ bí a ṣe ń dá ẹyẹ mọ̀, ṣùgbọ́n kí ènìyàn wo àmì ibi tí wọ́n ti ní kí ẹsẹ̀ má tẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìṣíṣílẹ̀, ọdẹ yóò tún lọ wo oko náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó rí i pé àwọn ẹyẹ náà ṣì ń bọ̀, pé olóko kò tíì tú ilẹ̀ rẹ̀, àti pé ọdẹ mìíràn kò tíì gba àṣẹ níbẹ̀. Kó ní oko kejì lọ́kàn, ó tilẹ̀ sàn kó ní ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn tí ìbọn àkọ́kọ́ bá ti dún, ètò ọjọ́ àwọn ẹyẹ yóò yí padà: wọ́n lè máa pẹ́ kí wọ́n tó jáde, wọ́n lè máa fò ga jù, wọ́n sì lè yan oko tí ẹnì kankan kò ṣọ́. Nígbà tí omi bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní àríwá, ẹyẹ tuntun tí kò mọ agbègbè náà rí yóò dé, ìṣọ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn wọn.