Èrè tó gba òkè òkun lọ: kí ni à ń pè ní yíyẹra fún owó orí?

Ẹni tó tajà tó wá purọ́ fún ìjọba nípa èrè rẹ̀, sísá fún owó orí ló ṣe. Ọ̀ràn ni, ó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Yíyẹra fún owó orí yàtọ̀ sí i. Kò sí irọ́ nínú ìwé, òfin ò sì rí àwọn tó ń ṣe é mú. Wọ́n kàn to ìwé náà tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń tajà kọ́ ni èrè ti ń yọjú. Ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń yọjú, níbi tí owó orí ti kéré tàbí tí kò ti sí rárá.

Ẹ wo Starbucks, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ta kọfí. Láti 1998 tí wọ́n ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 2012, ọjà tí wọ́n tà níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn. Owó orí tí wọ́n san lórí èrè ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.6 lọ. Nígbà náà, ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà rẹ̀ fún ẹ̀ka Nẹ́dálándì, pé òun ń lo orúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹ̀ka Swítsálándì ló ń ra kóró kọfí, ó ń gbé ìdá 20 lé e kó tó tà á fún wọn. Wọ́n tún yá owó láàárín ara wọn, wọ́n ń san èlé. Ká ní èmi náà kọ orúkọ bàbá mi sára ṣọ́ọ̀bù, tí mo wá ń san owó orúkọ yẹn fún àbúrò mi, tí a sì jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ńkọ́?

Ní oṣù kọkànlá 2012, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe Starbucks, Amazon àti Google. Margaret Hodge tó jẹ́ alága sọ fún ọ̀gá Google pé àwọn ò sọ pé wọ́n rú òfin, pé ìwà tí wọ́n hù ni kò dáa.

Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ní kò sẹ́ni tó yẹ kó san ju ohun tí òfin bèèrè lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ta kọfí nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní òdìkejì títì ò ní ẹ̀ka ní Nẹ́dálándì. Títì kan náà, ọlọ́pàá kan náà ni wọ́n jọ ń lò, òun sì ń san tirẹ̀ pé. Èyí ló ká mi lára ju iye tó sọnù lọ.

Nígbà tí ariwo pọ̀, Starbucks ní òun á san mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn láàárín ọdún méjì, òun ì báà jèrè, òun ì báà má jèrè. Àwọn kan yìn wọ́n. Èmi ò rí ti ìyìn: ìgbà wo ni owó orí di sàráà, tí ẹni tó fẹ́ san án ń fúnra rẹ̀ dá iye lé e? Ní oṣù kẹrin 2015, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó orí tuntun kalẹ̀ fún èrè tí wọ́n bá darí gba ibòmíràn lọ. Ìdá 25 ni lọ́dún náà, nígbà tí ti àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù jẹ́ ìdá 20.