Mìlílítà

Mìlílítà (mL) ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lítà kan. Ààyè tí nǹkan gbà ló ń wọ̀n, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó, nǹkan olómi sì ni wọ́n máa ń fi í wọ̀n jù: oògùn, ẹ̀jẹ̀, epo, wàrà. Tí wọ́n bá ṣe àpótí kékeré kan tó jẹ́ sẹ̀ntímítà kan ní gígùn, kan ní ìbú, kan ní gíga, omi tó máa kún un jẹ́ mìlílítà kan géérégé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì fi ṣì ń pè é ní síì-síì (cc, ìyẹn cubic centimetre). Òun náà ni cc tó wà lára ọ̀kadà o: ọ̀kadà 125cc, ààyè tí písítìnì ti ń lọ tó ti ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó nǹkan bíi mL 125.

Ìtàn

Ilẹ̀ Faransé ni lítà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1795, nígbà tí wọ́n ṣòfin ìwọ̀n tuntun níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀ jáde látinú litron, òṣùwọ̀n àtijọ́ kan tí wọ́n ń lò. Lọ́dún 1901, ìpàdé àgbáyé lórí ìwọ̀n sọ pé ààyè tí kílò omi kan gbà ni lítà, àmọ́ ìyẹn fi bíńtín ju ẹgbẹ̀rún cc lọ, ni wọ́n bá fagi lé e lọ́dún 1964. Lọ́dún 1979 ni wọ́n gbà kí èèyàn máa kọ L ńlá, torí l kékeré jọ oókan (1) jù.

Nínú oògùn

Ibí ni wàhálà mìlílítà pọ̀ sí. Ohun tó máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù ni mg (mìlígíráàmù) àti mL: mg ni oògùn gan-an, mL ni omi tí wọ́n pò ó mọ́. Síróòpù paracetamol àwọn ọmọdé sábà máa ń ní mg 120 tàbí 125 nínú mL 5, àmọ́ dírọ́ọ̀pù ọmọ ọwọ́ lè ní mg 100 nínú mL 1 péré, torí náà ìyá tó bá wọn mL 5 dírọ́ọ̀pù yẹn bó ṣe máa ń wọn síróòpù ti fún ọmọ ní mg 500, bí ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ṣíbí kan náà ló lò.

Ọ̀rọ̀ ṣíbí gan-an tún wà níbẹ̀. Lórí ìwé, ṣíbí tíì jẹ́ mL 5, ṣíbí ìjẹun jẹ́ mL 15, ṣùgbọ́n ṣíbí ilé kan ò dọ́gba pẹ̀lú òmíì, ìdérí tí wọ́n fàlà sí tó bá oògùn wá tàbí síríńjì tí ò lábẹ́rẹ́ ló dáa jù. Orí ibi tó tẹ́jú ni wọ́n ń gbé ìdérí yẹn lé, kí ojú wá bá ìlà ẹ̀ dọ́gba, torí ẹni tó bá ń wò ó látòkè máa ṣì í kà.

Tí wọ́n bá ń kọ ọ́, 0.5 mL ló yẹ, kì í ṣe .5, torí tí pọ́ìntì yẹn ò bá hàn, mL 5 ni ẹni tó ń kà á máa rí. Ínsúlínì (oògùn àtọ̀gbẹ) tó wọ́pọ̀ ní yúníìtì 100 nínú mL 1, ìyẹn ni pé yúníìtì 10 ò ju 0.1 mL lọ.

Fún dírípù, ọ̀pọ̀ okùn ti àgbàlagbà ń kán nígbà ogún (20) kó tó pé mL 1, tàwọn ọmọdé ń kán 60. Tí wọ́n bá ní kí mL 500 tán ní wákàtí mẹ́rin, nọ́ọ̀sì á sọ 500 di ìlọ́po 20, á pín in sí ìṣẹ́jú 240, ó di bí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan, á wá tẹjú mọ́ aago.

Ní ọjà

Sẹ̀ntílítà (cl) jẹ́ mL 10, òun ló wà lára píọ̀ wọ́tà 50cl, nítorí náà méjì ẹ̀ ni lítà kan tí wọ́n fi ń po ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru) tí wọ́n kọ lítà kan sí lára. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa sábà máa ń jẹ́ lítà 25, àmọ́ epo fúyẹ́ ju omi lọ, torí náà kò ní tó kílò 25 lórí ìwọ̀n.