Sípíríǹgì Kì í Sinmi Nítorí Pé Mọ́tò Wà Lórí Jáàkì

Ìgbàgbọ́ kan wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn láti máa tún mọ́tò wa ṣe fúnra wa: pé iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò kò ju bóòtù àti nọ́ọ̀tì lọ, àti pé bí jáàkì bá ti gbé mọ́tò, tí táyà ti kúrò nílẹ̀, sípíríǹgì ti sinmi nìyẹn, kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ á wo owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì bù fún un, lẹ́yìn tó ti ra ṣọ́ọ̀kì tuntun tán, á ní ìrẹ́jẹ ni. Á mú sípánà, á dojú kọ ọ́. Ó dára kéèyàn mọ mọ́tò rẹ̀ tún ṣe, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ sípíríǹgì tó sinmi yẹn kì í ṣe òótọ́ rárá, ojú àti eyín èèyàn ló sì lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe rí. Corolla, Camry, Golf, títí dé Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, irú ẹsẹ̀ iwájú kan náà ni wọ́n ní. Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀. Ó wà lára Ford Consul tí wọ́n fi han aráyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950. Ṣọ́ọ̀kì ló wà láàárín ẹsẹ̀ yìí, sípíríǹgì sì yí i ká. Àwo irin tí wọ́n jó mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì ló gba sípíríǹgì dúró nísàlẹ̀. Àwo mìíràn tó wà lábẹ́ mounting, ìyẹn orí ẹsẹ̀ náà tí wọ́n fi so ó mọ́ ara mọ́tò, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lókè. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì yọ orí jáde láàárín mounting, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló sì de orí ọ̀pá náà. Sípíríǹgì gùn ju àyè tó wà fún un lọ. Nígbà tí wọ́n ń tò ó, ẹ̀rọ ni wọ́n fi fún un kúrú kí nọ́ọ̀tì yẹn tó lè dé ibi tí wọ́n ti dè é.

Ìdí rèé tí jáàkì kò fi lè tú u sílẹ̀. Bí mọ́tò ṣe ń gòkè ni táyà ń rọ̀ wálẹ̀, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì á sì máa nà títí yóò fi dé òpin. Sípíríǹgì ṣì fẹ́ nà sí i, nọ́ọ̀tì òkè yẹn ni kò jẹ́. Tàkúté tí a ti dẹ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó rò pé òun mú irin lásán dání.

Ẹ ro bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Camry kan wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn kì í sì í wúwo tó iwájú tí ẹ́ńjìnnì wà. Tí mọ́tò bá wà nílẹ̀, sípíríǹgì iwájú kọ̀ọ̀kan ń ru nǹkan bíi kìlógíráàmù 400. Lórí jáàkì, agbára yìí á dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́ kù tó láti ju mounting àti àwo irin lu ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo apá ọ̀tún àti apá òsì nítòsí gíláàsì iwájú. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ ó rí nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́ta tó yí ọ̀kan ká. Àwọn mẹ́ta yẹn ló so ẹsẹ̀ mọ́ ara mọ́tò. Tí a bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀ náà jáde, àwọn ni a ń tú. Ti àárín ló so sípíríǹgì. Ẹ má ṣe tú u kúrò níbẹ̀ láé láìjẹ́ pé irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì ti gbé ẹrù rẹ̀. Ìkọ́ méjì ni irinṣẹ́ yìí ní, wọ́n á kọjú síra wọn lára sípíríǹgì, a ó sì máa yí wọn díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, kó má baà tẹ̀ sápá kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi okùn tàbí wáyà dè é, tí wọ́n sì ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Okùn tó bá já kì í kìlọ̀ fúnni tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni èèyàn lè fúnra rẹ̀ ṣe? Tí ẹ bá ra ẹsẹ̀ tí wọ́n ti tò pọ̀ láti iléeṣẹ́, tòun ti ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti mounting, iṣẹ́ náà ti di bóòtù àti nọ́ọ̀tì lóòótọ́, ẹni tó ní sùúrù lè ṣe é. Ó wọ́n ju ṣọ́ọ̀kì nìkan lọ, lójú tèmi ó sì tọ́ sí owó náà. Tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ odindi látara mọ́tò òyìnbó, irú èyí tó kún ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, rọrùn láti dè bákan náà, àmọ́ ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti rìn ti jẹ ṣọ́ọ̀kì yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yìn Golf 4 tún rọrùn ju iwájú lọ, torí ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tọ̀ ni sípíríǹgì. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni kì í jẹ́ kí irin ìdábùú tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ rọ̀ kọjá ààlà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé irin yẹn dúró kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì máa ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Kò sígbà tó yẹ kẹ́nikẹ́ni wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, AutoZone, iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, máa ń yáni ní irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì; owó ìdúró ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì dá a padà tí ẹ bá ti dá irinṣẹ́ padà.

Ìgbàgbọ́ òdì kan tún wà ní òdìkejì, pé ẹni tó bá ti sanwó fún mẹkáníìkì ti bọ́. Lára Corolla àti Camry, ibi tí bóòtù méjì ti so ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin tó gbé táyà, àyè díẹ̀ wà níbẹ̀ tó lè mú kí táyà tẹ̀ sínú tàbí síta. Ẹni tó bá tú u gbọ́dọ̀ sàmì sí i kó tó tú u, kó sì ṣe alignment, ìyẹn títò táyà kó dúró déédéé, lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti bushing tó wà nínú lower arm, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ara mọ́tò, ló máa ń dùn mí jù. Rọ́bà ni, tí wọ́n bá dè é pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè, ó di dandan kó lọ́ nígbà tí mọ́tò bá balẹ̀, yóò sì máa wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ya. Onímọ́tò á wá máa bú ẹni tó ta bushing fún un. Ìgbà tí ìwúwo mọ́tò bá ti wà lórí táyà ló yẹ kí wọ́n dè é gbẹ̀yìn.

Kí ẹ tó fi mọ́tò sílẹ̀ fún mẹkáníìkì, ẹ ní kó mú irinṣẹ́ tó fi ń fún sípíríǹgì wá kí ẹ rí i. Ẹ béèrè bóyá òkè ni táyà máa ń wà tàbí ilẹ̀ nígbà tó bá ń de bóòtù lower arm pa. Ẹ béèrè ibi tí yóò ti ṣe alignment, àti bóyá owó rẹ̀ wà nínú iye tó bù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn láìbínú. Tó bá jẹ́ okùn ló nawọ́ mú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.