Èéfín títì àti fítámì C tí à ń fi pa ojú

Àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá títì Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́ máa ń bi mí ìdí tí àmì dúdú fi ń yọ sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, nígbà tí ibi tí aṣọ bò ṣì ń dán. Oòrùn wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwú tí wọ́n fi nujú nírọ̀lẹ́: ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èéfín ọ̀kadà, ti tírélà àti ti jẹnẹrétọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù ni.

Èéfín yìí máa ń dá àwọn èròjà oníjàgídíjàgan sílẹ̀ lára awọ. Wọ́n á ba ọ̀rá ara awọ jẹ́, wọ́n á jẹ collagen tó mú un le, awọ á sì máa dúdú lójú kan. Ní Jámánì, wọ́n yẹ awọ àwọn obìnrin 400 tó wà láàárín ọdún 70 sí 80 wò. Ìwádìí náà jáde ní 2010: níbi tí èéfín ọkọ̀ ti pọ̀ ni àmì dúdú ti pọ̀ jù níwájú orí àti lẹ́rẹ̀kẹ́.

Iṣẹ́ antioxidant ni láti pa àwọn èròjà yẹn lẹ́nu mọ́ kí wọ́n tó kan awọ. Awọ ní fítámì C àti E tirẹ̀, àmọ́ èéfín àti oòrùn ń tán wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi kún un láti ìta. Ẹ wá omi ìpajú (serum) tí fítámì C inú rẹ̀ jẹ́ 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ju 20 lọ, kí ó máa ta ojú ló kù. Èyí tí fítámì E àti ferulic acid, antioxidant mìíràn láti ara ewéko, bá wà nínú rẹ̀ lágbára sí i.

Ọ̀rọ̀ ìgò ló ń dùn mí jù. Ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ooru ló ń pa fítámì C, síbẹ̀ ẹ óò rí i nínú ìgò tó mọ́ gaara, nínú oòrùn ọjà, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá ti pọ́n rúsúrúsú, ó ti bàjẹ́. Ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ìgò dúdú ni kí ẹ mú, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù.

Láàárọ̀, ẹ kán an bíi ẹ̀ẹ̀mẹta sójú tó ti gbẹ, kí ẹ tó fi ìpara adènà oòrùn, SPF (ìwọ̀n agbára rẹ̀ láti dènà oòrùn) 30 ó kéré tán, lé e. Lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ èéfín kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kànìnkànìn ha ojú.

Kì í ṣe ìpara ìbóra o. Oṣù mélòó kan ni àmì fi ń rọ̀. Tí ojú bá ń ta yín, ẹ máa lò ó ní ọjọ́ kan fi ọjọ́ kan sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi niacinamide, oríṣi fítámì B3 kan, rọ́pò rẹ̀.